Ihò kọ́ ló ba owó jẹ́

Ẹ kọ ọ́ pé owó fàdákà àtijọ́ tí wọ́n bá ti dá ihò lu kò níye lórí mọ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ní New South Wales, ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ọsirélíà nígbà yẹn, Gómìnà ibẹ̀, Macquarie, kó dọ́là fàdákà Sípéènì bíi 40,000 jọ, ó ní kí wọ́n gé àárín wọn yọ, kí àwọn oníṣòwò má baà kó wọn lọ sókè òkun. Òrùka tó ṣẹ́kù di ṣílè 5, àárín rẹ̀ di pẹ́nì 15. William Henshall, tí wọ́n torí ayédèrú owó lé kúrò ní ìlú ọba, ló ṣe iṣẹ́ yẹn! Ẹni tó bá fẹ́ ra owó oníhò yẹn, kó kọ́kọ́ wá òǹtẹ̀ New South Wales àti 1813 létí ihò náà.