Èsì wa sí ìyá wa tó ra go-kart méjì lọ́wọ́ wa ní Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ìyá wa. A rí ohun tí ẹ kọ nípa ilé ìtajà wa lọ́jọ́ Ajé, a sì kà á ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí a tó fèsì. Ẹ ní a ta go-kart tòkunbọ̀ méjì, ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọmọdé ń wà ṣeré, fún ibi ìṣeré àwọn ọmọdé tí ẹ dá sílẹ̀ lọ́nà Ìlẹ́ṣà, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yín pé kí ẹ má lo ọ̀kan nínú wọn mọ́, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kéde pé kí àwọn tó rà á dá a padà. Ẹ ní ó dà bí ẹni pé a mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí a sì dákẹ́, pé mẹkáníìkì yín ti fún kílíìpù rọ́bà epo rẹ̀ le, òórùn bẹntiróò sì ti lọ, àti pé ẹ̀rù lásán ni a ń dá bà yín kí a lè gba ọjà náà padà ká tún un tà fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tiwa. A kò mọ̀ lọ́jọ́ tí a tà á fún yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀, nítorí pé ìkéde náà ti jáde kí kọ̀nténà tó gbé e wá tó gúnlẹ̀ ní Àpápá. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ́ńjìnnì ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé, kì í wo ọdún tí ènìyàn rà á. Ọmọṣẹ́ wa tó tún kart náà kùn fi ọ̀dà pupa bo nọ́ńbà yìí mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú láti kà á kí ọ̀dà tó kàn án. Ìgbà tí oníbàárà kan láti ìlú Oǹdó gbé tirẹ̀ wá fún àtúnṣe, tó sì bi wá bóyá a ti yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, ni a tó padà sídìí àwọn fọ́tò tí a yà nígbà tí ẹrù dé, tí a sì rí i pé ọ̀kan nínú méjì tiyín wà lára àwọn tí ìkéde náà kàn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni a pè yín.

Ní Amẹ́ríkà tí ọjà náà ti wá, ilé iṣẹ́ tó bá rí i pé ohun tí òun ṣe lè pa ènìyàn lára gbọ́dọ̀ fi tó CPSC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ọjà níbẹ̀, létí láàárín wákàtí 24, lẹ́yìn náà ni wọn yóò kéde fún gbogbo ayé, tí ẹni tó ni ín yóò sì gba àtúnṣe ọ̀fẹ́, tàbí òmíràn, tàbí owó rẹ̀. Láti ọdún 2008 ni òfin wọn ti ka títa ohun tí wọ́n bá ti kéde bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ì báà ṣe àlòkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni lẹ́tà ń lọ bá, bí onítọ̀hún bá sì ti tà á fún àwọn tó ń kó àlòkù, tí wọ́n jù ú sínú kọ̀nténà, lẹ́tà náà kò mọ ọ̀nà Àkúrẹ́. A kò fi èyí ṣe àwíjàre o. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, sílẹ̀ nílẹ̀ wa fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tí kò léwu, àwa tí a gbowó yín ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn.

Ọ̀rọ̀ kílíìpù ni a kò ti lè bá yín gbà. Irú ẹ́ńjìnnì kékeré yìí, ti 196 cc, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀rọ ìlọta lọ́jà àti èyí tí ń fa omi lóko. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta dúró sójú kan, ẹni tó ń lò ó sì lè sá kúrò nídìí rẹ̀. Nínú go-kart, ẹ̀yìn ọmọ gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà, ìjókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, a sì ti fi bẹ́líìtì de ọmọ mọ́ ọn. Oru bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ níbi tí ọmọ jókòó sí ló ń rọ̀ sí, páìpù èéfín tó gbóná janjan kò sì jìnnà síbẹ̀. Ohun tí ìkéde náà sọ ni pé rọ́bà tó gbé epo wọ kábúrétọ̀ lè sán níbi tí wọ́n ti so ó. Kílíìpù tó le lè dá epo náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ rọ́bà kan náà ló ṣì wà níbẹ̀, tí ooru ń bá fínra, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu mẹkáníìkì yín. Ohun tó rí ló tún ṣe.

Àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí, ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú wọn ní Amẹ́ríkà ni ènìyàn ti ń gbà á. A lè ra rọ́bà mìíràn lọ́jà, ṣùgbọ́n a kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé irú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ yàn: kí a dá gbogbo owó kart náà padà, tàbí kí a fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i, tí a ó jọ ka nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Owó ọkọ̀ àti iṣẹ́ wà lọ́rùn wa. Ní ti pé a fẹ́ tún ògbólógbòó náà tà, a ó fi òòlù fọ́ ọ lójú yín. Nọ́ńbà ti kejì kò sí lára àwọn tí wọ́n kéde, ẹ lè máa lò ó.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ti ra go-kart lọ́wọ́ wa, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára irin, kì í ṣe ti bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa.

Ìyá wa, ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ wa yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fa epo inú táńkì rẹ̀ kúrò ní ìta gbangba, kí ẹ sì gbé kart náà kúrò nínú yàrá tí ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ sí.