Táǹkì Ti Gbẹ, Géèjì Ní Ó Kún!

Ó tó gẹ́ẹ́! Táǹkì epo kẹta rèé láàárín oṣù márùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọwọ́ ara yín to ọkọ̀ nínú gáréèjì nílùú ọba níbí, ẹ mọ ohun tójú wa ń rí lọ́wọ́ àwọn ajórin wọ̀nyí.

Táǹkì onílítà 30 ló wà nínú ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe onílítà 45, kí wọ́n fi páànù pín inú ẹ̀ kí epo má máa fì. Mo kọ ọ́, mo yà á, mo tún pè wọ́n lórí fóònù. Táǹkì dé, mo ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, gbayawu! Bí mo bá ti yí ràǹdábáòtù báyìí, gbogbo epo á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, páǹpù á fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, á kú sójú títì, tírélà á máa fun fèrè lẹ́yìn mi. Epo ò sì tán o! Èmi ni mo sanwó dá a padà, lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, torí àwọn akẹ́rù ní ó ń rùn bẹntiróòlù.

Èkejì ní ìpín, àmọ́ ó ń jò lójú ibi tí wọ́n jó. Mo fìka tọ́ ọ, ìka mi tutù. Òórùn ẹ̀ wọlé tọ̀ wá, ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ sùn ní yàrá iwájú.

Ẹ̀kẹta wá dé. Géèjì epo mi, 10 ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́wọ́) ló mọ̀ sí òfo, 180 ló mọ̀ sí kíkún. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn! Ẹ̀rọ inú táǹkì tó ń sọ iye epo fún géèjì, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n lọ dè mọ́ ọn: 240 nígbà tó bá ṣófo, 33 nígbà tó bá kún. Mo rọ epo kún un, ọwọ́ géèjì rọ̀ wálẹ̀. Bí mo ṣe ń wakọ̀, ńṣe ló ń gòkè! Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n máa wà á, pé á bọ̀ sípò. Mo wá ń fi máìlì ṣírò epo lórí ara mi. Ní Sátidé, ìṣírò yẹn já mi kulẹ̀ lójú ọ̀nà A2, kí n tó dé Rochester. Ọkọ̀ kú. Mo fi igi bọ inú táǹkì, gbígbẹ ni mo fà á yọ. Òjò ń pa mí nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, ọwọ́ géèjì sì nà ṣánṣán sórí F.

Rọ́bà tí epo ń gbà kọjá tí wọ́n so mọ́ ọn ńkọ́? Látìgbà tí E10, bẹntiróòlù tí wọ́n po ethanol (ọtí líle) mọ́, ti dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ta ni kò mọ̀ pé ethanol inú ẹ̀ ń jẹ rọ́bà àtijọ́? Mo ti pààrọ̀ gbogbo tèmi sí R9, irú rọ́bà tó lè gba ethanol dúró. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti ń sán wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ ìgbà ọyẹ́.

Owó òógùn ojú mi ni o! Ẹ̀yin ajórin, ẹ dá a padà. Bẹ́ ẹ ò bá dá a padà, kí ẹni tó jó táǹkì àkọ́kọ́ yẹn wá wọ ọkọ̀ yìí, kó fi yí ràǹdábáòtù lójú mi.