Ọdún 180 Ni Wọ́n Fi Kọ́ Ọ, Wákàtí Kan Lẹ Fún Wa!

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn lórí odò Náílì láti Luxor dé Aswan, kí lẹ rò pé a bá wá sí Íjíbítì? Ọdún 237 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tẹ́ńpìlì Edfu, ọdún 57 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n tó parí ẹ̀. Ọba ń kú, ọba ń jẹ, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ wá kó wa débẹ̀ ní kùtùkùtù, ẹ ní wákàtí kan péré, pé ẹni tó bá pẹ́, ọkọ̀ á fi í sílẹ̀!

Wákàtí kan ọ̀hún gan-an, irọ́ ni. Gbogbo ọkọ̀ ló ń gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká tó rí kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọ̀, ká tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣọ tó ń fani lápá, ká tó tò wọlé, ìdajì ti lọ. Èyí tó kù, ìpàkọ́ èèyàn la fi wò. Bẹ́ẹ̀ ìtàn bí òrìṣà Horus tó ni tẹ́ńpìlì náà ṣe fi ọ̀kọ̀ gún Seth, òrìṣà ọ̀tá rẹ̀ tó sọ ara rẹ̀ di erinmi, wà lára ògiri ibẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele. Erinmi náà kéré débi pé ẹni tó bá sáré kọjá ò ní rí i rárá. Mo ṣì ń wá a lójú ògiri tí afinimọ̀nà fi ń pàtẹ́wọ́ pé ó tó, ká máa bọ̀. Mi ò bá a wí, ọkọ̀ ló ń lé òun náà.

Tẹ́ńpìlì Kom Ombo ńkọ́? Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó dé ọ̀dọ̀ Sobek, òrìṣà tí orí rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nì.

Èyí tó bí mi nínú jù ni Esna. Ọkọ̀ ń tò síbẹ̀ de ìgbà tó máa kàn án láti wọ ibi tí wọ́n ti ń fi omi gbé ọkọ̀ sókè. Ó yé mi, ìsédò, ògiri tí wọ́n fi sé odò, ló fà á. Ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì òrìṣà Khnum wà nínú ìlú ibẹ̀, kò jìnnà sétí odò, wọ́n sì ti fọ ẹ̀fín àtọdúnmọ́dún kúrò lára àwọn àwòrán rẹ̀ títí àwọ̀ àtijọ́ fi yọ. A jókòó sínú ọkọ̀, à ń wo omi, kò sẹ́ni tó ní ká sọ̀ kalẹ̀!

Ẹ má sọ fún mi pé àkókò ò sí. Nígbà tí ẹ kó wa lọ sí ilé ìtajà lọ́fínńdà àti ti àwòrán pápírọ́ọ̀sì, ta ló wo aago? Ta ló pàtẹ́wọ́ pé ó tó?

Ẹ pín àkókò ìgúnlẹ̀, kí ọkọ̀ kan dé láàárọ̀, kí òmíràn dé lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ ní Esna. Kí ẹ sì kọ iye wákàtí tí a máa lò níbì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, pẹ̀lú ti ilé ìtajà yín, ká rí i ká tó sanwó.