Ẹ yé tan ọmọ jẹ pé yóò ti Microbiology sọdá sí Medicine

Mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tí ìsìn parí. Ọmọbìnrin kan ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ àtàwọn àgbà tó dúró tì í pé Medicine tí òun yàn, wọn ò fún òun. Microbiology ni ilé-ìwé gbé fún òun. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bọ̀dá kan fi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Gbà á kíá! Ṣáà ti kàwé dáadáa ní 100 level, tó bá di 200, wàá sọdá sí Medicine." Ìyá rẹ̀ ṣe àmín. Àwọn tó kù ń mi orí. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ní ọmọ ọ̀rẹ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́ àwọn ni.

Ọmọ ọ̀rẹ́ ẹnì kan! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìtàn yìí ti máa ń wá. Gbogbo ilé ló ti gbọ́ nípa ẹni tó sọdá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ti fojú kàn án. Inú ń bí mi sí i, nítorí ojú mi ni ohun tó ń gbẹ̀yìn ìmọ̀ràn yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Biochemistry ni mo kà ní yunifásítì, Chemistry ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra JAMB sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde. Ọdọọdún ni èsì ìgbàwọlé máa ń jáde, ọdọọdún náà ni àwọn òbí máa ń pè mí pé, "Tíṣà, wọ́n fún un ní Anatomy o, ṣé kó gbà á kó lè sọdá?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí àyè Medicine ti ń wá. Yunifásítì nìkan kọ́ ló ń pinnu iye ọmọ tí yóò kà á. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín ní Nàìjíríà, ló ń fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Wọn á wo iye olùkọ́, wọn á wo iye bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ yóò ti kọ́ṣẹ́, wọn á wo yàrá tí wọ́n ti ń la òkú fún ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ni wọn á sọ pé iye báyìí ni kí ẹ gbà lọ́dún. Ilé-ìwé tó bá kọjá iye yẹn yóò jìyà. MDCN ti dá àwọn ilé-ìwé kan dúró rí nítorí rẹ̀, pé kí wọ́n má gba ọmọ tuntun. Nítorí náà, kò sí ọ̀gá ẹ̀ka tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè rí ọmọ Microbiology tó mọ̀wé kó sì ní, "Ẹ fi àga kan kún un fún èyí." Iye ti wà nílẹ̀ kí ọmọ yẹn tó dé.

Ẹ wá wo àwọn tó ń du àga wọ̀nyẹn ní 200 level. Àwọn tó wọ Medicine láti 100 level ló kọ́kọ́ ni ín. Àwọn tó gba Direct Entry wọlé, ìyẹn àwọn tó bọ́ sí 200 level tààrà, tẹ̀ lé wọn: àwọn tó ṣe JUPEB tàbí IJMB, ètò ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì, ní àwọn ilé-ìwé tó ń gbà á, pẹ̀lú àwọn tó ti ní dìgírì àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni ọmọ tó fẹ́ sọdá dúró sí. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, àwọn ọmọ 100 level Medicine fúnra wọn kì í kọjá tán. Ilé-ìwé á gbé máàkì kan kalẹ̀ fún wọn, ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ ní òpin ọdún, wọn á ní kó lọ wá ẹ̀ka mìíràn. Ibo ni wọ́n máa ń kó wọn sí? Anatomy, Physiology, Biochemistry.

Ohun tí bọ̀dá yẹn kò mọ̀ nìyẹn. Láti Medicine ni èrò ti ń wọ́ wá sí ẹ̀ka tiwa. Nígbà tí a wọ 200 level, ojú tuntun kún kíláàsì wa, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì mi nínú yàrá practical. Ó ti fi bírò kọ "Medicine" gàdàgbà sí àpò lab coat rẹ̀ ní 100 level. Ó fọ̀ ọ́ títí, yíǹkì yẹn kò lọ, ó wá ń fi ìwé manual rẹ̀ bo àpò náà bí a bá ti ń wọlé. Èsì rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ wa lọ o. Ọmọ tó wọ Medicine láti ẹnu ọ̀nà, tó sì mọ̀wé, ni wọ́n lé wá bá wa. Ta ni yóò wá fi àyè sílẹ̀ fún èmi tí wọn kò tilẹ̀ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ohun tó ń tan ọmọ jẹ ni pé ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wa jọ ń kà ní 100 level: Chemistry, Physics, Biology, Maths, GST. A jọ ń há mọ́ inú gbọ̀ngàn kan náà, a jọ ń kọ ìdánwò kan náà. Kò sí ìyàtọ̀ lójú wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa fi ra fọ́ọ̀mù ìyípadà ẹ̀ka nígbà tí ọdún parí. Mo dúró níbi pátákó ìkéde lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn. Àwọn tí wọ́n gbà sí Medicine láti gbogbo fákọ́tì kò kún ìka ọwọ́ kan. Ẹni kan ṣoṣo ló ti ẹ̀ka wa lọ, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n: A ló ní nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó ní láárí. Àwọn tó ní 4.5 sókè lórí 5, tó jẹ́ first class pátápátá, ń kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, bóyá wọ́n gbójú fo orúkọ wọn. Wọ́n jókòó sórí pèpéle níbẹ̀, wọn ò lè lọ sí hostel.

Lóòótọ́, àwọn kan máa ń rí i ṣe, mi ò sì lè búra pé ilé-ìwé tuntun tí kò tíì rí ọmọ tó pé kò ní gbà láti ẹ̀ka mìíràn. Ṣé nítorí ìyẹn lẹ ṣe máa fi ọdún kan ayé ọmọ ta tẹ́tẹ́?

Èmi rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kù, torí a jọ gbé e ni. Ẹni tó bá fi ọkàn Medicine wọ Biochemistry kì í jókòó. Ó ń kàwé bí àlejò. Tí wọn kò bá gbà á ní 200 level, ọwọ́ rẹ̀ á rọ pátápátá. Enzyme ò yé e mọ́, kò tilẹ̀ fẹ́ kó yé òun. Àwọn tí wọ́n ń fojú sí first class ní 100 level tí wọ́n jáde pẹ̀lú third class, mo mọ̀ wọ́n, mo sì mọ ilé wọn.

Tí ẹ bá sọ èyí fún àwọn kan, wọn á ní, "Tí kò bá rí i sọdá, kó kà á tán kó gba Direct Entry padà." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Biochemistry jẹ́ ọdún 4. Medicine láti 200 level jẹ́ ọdún 5. Ó di ọdún 9 nìyẹn, láìka ìdásẹ́sílẹ̀ ASUU, kó tó ṣe house job, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn, fún ọdún kan, kó tó lọ sin ìlú. Àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún onídìgírì kò sì pọ̀ rárá. Ọmọ tó jókòó sílé lọ́dún kan, tó tún JAMB kọ, tó wọ Medicine láti 100 level, ọdún 7 ló máa gbà á. Kódà bó bá jókòó ọdún méjì, 8 ni. "Ó sàn ju jíjókòó sílé lọ" tí wọ́n ń sọ yẹn, ibo ló ti sàn?

Ohun tó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí wọ́n bá já a kulẹ̀ ni pé kó mọ ibi tí máàkì rẹ̀ ti lọ. Èyí ni mo máa ń bá wọn ṣe pẹ̀lú bírò àti ìwé, ó sì máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Ẹ mú UNILAG. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé JAMB kó 50 nínú 100, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n á pín èsì JAMB sí 8. Post-UTME, ìdánwò tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, kó 30. Èsì WAEC tàbí NECO kó 20, lórí ẹ̀kọ́ márùn-ún: A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Ọmọ kan gbé èsì rẹ̀ wá bá mi: English C5, Maths B3, Biology B3, Chemistry C4, Physics C6. Ẹ rò ó pọ̀: 13.6. Ó gba 270 nínú JAMB, gbogbo àdúgbò ń kí i. Mo ní kó wò ó, pé bó bá lè tún WAEC kọ tó sì rí B2 nínú márààrún, 18 ló máa ní. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.4. Ẹ fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó jẹ́ lójú JAMB: ó ju 35 lọ. Ọmọ tó gba 270 á wá dà bí ẹni tó gba 305, láìfọwọ́ kan ìwé JAMB rárá.

Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, JAMB àti post-UTME ni wọ́n fi ń ṣírò, ìdajì ìdajì. O'level, ìyẹn èsì WAEC tàbí NECO, kàn gbọ́dọ̀ pé ni. Ní Ifẹ̀, 50 fún JAMB, 40 fún post-UTME, 10 fún O'level. Ọmọ kan náà, èsì kan náà, ó lè jìnnà sí cut-off níbì kan kó sì súnmọ́ ọn níbòmíràn. Mélòó nínú àwọn òbí tó ń ṣe àmín sí "wàá sọdá" ló ti jókòó ti ọmọ wọn láti ṣe ìṣirò yìí? Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í sì í gba èsì O'level ìjókòó méjì fún Medicine. Ẹni tó bá ń pa WAEC àti NECO pọ̀ kó lè pé márùn-ún, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti já a, kì í ṣe JAMB.

Lẹ́yìn èyí, ìpínlẹ̀ wo lo ti wá? Òfin ìgbàwọlé ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni pé 45 nínú ọgọ́rùn-ún wà fún merit, ìyẹn máàkì nìkan, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí ibi tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì, Èkó, kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú 20 yẹn; Kwara àti Kogi wà níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun tó bá lọ yan Medicine sí ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ lókè ọya nítorí pé ẹnì kan ní ibẹ̀ rọrùn, merit nìkan ló máa bá wọlé. Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ń wo ọmọ onílé kí wọ́n tó wo àlejò. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó fojú fo LAUTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀, tó lọ ń bá àwọn ọmọ Èkó du LASU tiwọn, kó tún inú rò.

Tó bá wá jẹ́ pé owó kò sí, tàbí agbára àtijókòó kò sí, tí ọmọ gbọ́dọ̀ gba nǹkan mìíràn, kó gba èyí tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lẹ́yìn. Nursing ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Medical Laboratory Science náà ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Pharmacy, Physiotherapy, Radiography. Ẹni tó kà wọ́n tán ní iṣẹ́ tí òfin fi lé e lọ́wọ́ nínú ilé ìwòsàn, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Microbiology àti Biochemistry kò ní ìyẹn. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n o, Biochemistry ló ń bọ́ mi, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí tàbí kó ṣe olùkọ́. Kí ọmọ mọ̀ pé òun ni òun fẹ́ kà ṣáá ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òwò. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹja, wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan ní registry tó máa bá wọn sọ ọmọ dá. Láti 2017 ni JAMB ti gbé ìgbàwọlé sórí CAPS, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe é. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ gba ọmọ sí ẹ̀ka kan, ibẹ̀ ló máa ti hàn, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì máa tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Ẹni tó bá ní òun máa ṣe é lẹ́yìn ilé, tí kò ní hàn níbẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Bí ọmọ bá ti wà ní yunifásítì tó sì tún fẹ́ kọ JAMB, kó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀. JAMB ń béèrè rẹ̀ báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni fífi í pamọ́ lójú wọn. Ẹni tó sì jẹ́ WAEC ló fà á sẹ́yìn, ìdánwò aládàáni wà ní January sí February, òmíràn wà lápá ìparí ọdún. Èsì èyí tó ṣe ní January á ti jáde kí post-UTME tó dé.