Ìyá tó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kọ́mọ òun kú

Bí ọ̀rọ̀ Bobby Sands, ọmọ IRA (ẹgbẹ́ tó ń gbébọn jà kí Àríwá Ìrẹ́láńdì lè kúrò lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì), bá ti délẹ̀, akọni ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Èèyàn tó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ 66 títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, ó láyà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń ka ìtàn òun àtàwọn ẹlẹ́wọ̀n bíi tiẹ̀ tó febi pa ara wọn lọ́dún 1981, àwọn ìyá wọn ni mo máa ń rò, ó sì máa ń bí mi nínú pé ìwọ̀nba èèyàn ló ń dárúkọ wọn.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá iná yẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìjà Àríwá Ìrẹ́láńdì lè wọ aṣọ tirẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta 1976, wọ́n ní ó parí: ẹni tó bá ṣẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀daràn bíi tàwọn olè ni, aṣọ ẹlẹ́wọ̀n ni yóò wọ̀. Àwọn ọmọ IRA ní láéláé. Búláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bo ìhòòhò wọn nínú ẹ̀wọ̀n Maze. Nígbà tó fi máa di 1978, ìjà àwọn àtàwọn wọ́dà ti le débi pé ìgbẹ́ ara wọn ni wọ́n fi ń kun ògiri yàrá (ẹ má bínú, ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́).

"Torí aṣọ?" Mo mọ̀ pé ẹnìkan á bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, torí aṣọ. Lójú wọn, ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé adigunjalè lòun, pé kò sí ìjà kankan tóun ń jà. Ohun tí Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sì ń wí gan-an nìyẹn: ó ní ọ̀ràn, ọ̀ràn ni, kò sí òṣèlú níbẹ̀.

Sands fúnra rẹ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì. Ọmọ Belfast, olú ìlú Àríwá Ìrẹ́láńdì, ni, iṣẹ́ kíkan bọ́dì ọkọ̀ ló kọ́. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni ẹbí rẹ̀, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì àdúgbò sì dẹ́rù bà wọ́n títí wọ́n fi kó kúrò níbẹ̀ ní 1972. Ọdún yẹn náà ló wọ IRA. Wọ́n mú un, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún mú un. Ọdún 14 ni wọ́n dá fún un nítorí ìbọn. IRA tí mò ń wí yìí sì ń pa èèyàn, títí kan àwọn wọ́dà. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìbò tó sọ Sands di aṣòfin, wọ́n yìnbọn pa obìnrin kan nílùú Derry tó ń gba fọ́ọ̀mù ìkànìyàn lójúlé dójúlé. IRA ní ọwọ́ àwọn mọ́, ọ̀pọ̀ ò gbà wọ́n gbọ́. Obìnrin yẹn náà lọ́mọ.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta 1981 ni Sands kọ oúnjẹ. Kílò 64 ló wọ̀n. Ọjọ́ 17 àkọ́kọ́ ló fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, ibẹ̀ la ti mọ̀ pé àwọn wọ́dà gbé tábìlì wọ yàrá rẹ̀, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé búrẹ́dì, bọ́tà, wàràkàṣì àti oyin ń wá sí òun lọ́kàn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Sands tí wọ́n yà sára ògiri Belfast kò lè yán hànhàn fún oyin.

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin, ìbò tó lé ní 30,000 sọ ọ́ di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì níbi tó dùbúlẹ̀ sí nínú ẹ̀wọ̀n. Àwọn èèyàn rò pé Thatcher ò ní jẹ́ kí aṣòfin kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó kú, lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Ọmọ ọdún 27 ni.

Àṣà Ìrẹ́láńdì àtijọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ á lọ febi panú lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, bí àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè títí owó á fi jáde. Ẹni tójú máa ń tì là ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ojú ò ti Thatcher.

Ibi tó ti kan àwọn ìyá rèé. Ìjọba ti pa fífi túùbù fún ẹlẹ́wọ̀n lóúnjẹ tipátipá tì lẹ́yìn tí Michael Gaughan, ọmọ IRA tí wọ́n fún lóúnjẹ bẹ́ẹ̀, kú lẹ́wọ̀n Parkhurst ní 1974. Bí ọkàn ẹlẹ́wọ̀n bá ṣì wà lára rẹ̀, tó ní òun ò jẹ, dókítà ò ní fọwọ́ kàn án. Àmọ́ tó bá ti dákú, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹbí nìyẹn. Ìyá á jókòó ti ọmọ tójú rẹ̀ ò ríran mọ́, tí awọ ti lẹ̀ mọ́ egungun, dókítà á sì máa wo ẹnu ìyá.

Rosaleen, ìyá Sands, ti ṣèlérí fọ́mọ rẹ̀ pé òun ò ní dá sí i, ó sì mú un ṣẹ. Ó jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó ní ọmọ òun ń kú lọ, ó bẹ àwọn ará ìlú kí wọ́n má jà, kí wọ́n má pa ẹnikẹ́ni. Mi ò lè dá a lẹ́jọ́.

Nígbà tó máa fi di òpin oṣù Keje, ẹni mẹ́fà ti lọ. Ìyá Paddy Quinn wo ọmọ tiẹ̀, ó ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Àlùfáà Denis Faul náà ń pe àwọn ẹbí jọ, ó ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn ọmọ wọn là. Mẹ́rin míì kú nínú oṣù Kẹjọ. Ìyá kan tún ní ó tó, òmíràn tẹ̀ lé e, títí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi dá ìfebipanú náà dúró lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ìjọba fi ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n máa wọ aṣọ tara wọn. Ẹ gbọ́ ná, aṣọ yẹn náà!

Àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn ìyá yẹn ló ba ìjà jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rọbí rí ni. Ìyá tó mọ̀ pé ọmọ lè jí kó má fẹ́ rí òun sójú mọ́, tó tún ní "ẹ gbà á là", ìjà wo ló tún le ju ìyẹn lọ? Laurence McKeown ti lo ọjọ́ 70 láìjẹun kí ẹbí rẹ̀ tó dá sí i. Ó là á já, ó ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, ó gboyè ọ̀mọ̀wé, ó ń kọ eré orí ìtàgé. Ẹni tó bá gbóyà nínú yín, kó lọ bá a, kó sọ fún un pé ẹbí rẹ̀ ba nǹkan jẹ́.