Ohùn Pẹ̀lẹ́ Ló Ń Yọ Obì Lápò

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò, ohùn líle ló ń yọ ọfà lápó. Tọkọtaya la sábà máa ń fi bá wí, àmọ́ ìjọba ni mo fẹ́ fi bá wí lónìí, torí ojú wa ti rí obì, ó ti rí ọfà.

Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé àlejò tí ò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ní kó fi kúrò, bẹ́ẹ̀ Yorùbá pọ̀ nínú wọn lọ jàǹtìrẹrẹ, àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́, tó bímọ síbẹ̀, tó kọ́lé síbẹ̀, wọ́n fi ọjà sílẹ̀ wọ́n ń wá mọ́tò. Nígbà tó di January 1983, ìjọba Shagari náà lé àwọn ará Gánà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Ọfà pe ọfà, kò sẹ́ni tó jèrè ẹ̀.

Ẹ wá wo 1987. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ìgbà yẹn ni Technical Aid Corps (TAC) bẹ̀rẹ̀: Nàìjíríà á rán dókítà, nọ́ọ̀sì, tíṣà, ẹnjiníà lọ sáwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì fún ọdún méjì, àwa là ń sanwó wọn, àwọn tó gbà wọ́n lálejò á wá ilé fún wọn. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ló máa sọ irú èèyàn tóun ń wá, a ò kàn ní ká lọ já ohun tó wù wá sílẹ̀ fún wọn. Ọmọ tí tíṣà wa kọ́ ní ìṣirò ní Gáḿbíà, tó bá di mínísítà lọ́la, ó ti mọ̀ wá kí ẹ́ḿbásì tó kọ lẹ́tà sí i, owó epo ò lè ra ìyẹn láéláé.

Àwọn kan ń sọ pé dókítà ò tó nílé, kí la fẹ́ rán lọ síta. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Àmọ́ èyí tó bá TAC lọ, ọdún méjì ló máa lò, orúkọ Nàìjíríà ló gbé lọ, èyí tó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, àwọn òyìnbó ló ń bá ṣiṣẹ́. Kí gọ́mẹ́ǹtì tún ọsibítù ilé ṣe, kí wọ́n sì máa sanwó àwọn tí wọ́n rán lọ lásìkò, kó má lọ di pé ẹni tó ń gbé orúkọ wa ga á máa yáwó jẹun lọ́wọ́ onílé.