Rédíò Tuntun Kọ́ Ló Ń Pa Bátìrì Ìjàpá

Ẹ bá ẹnikẹ́ni tó mọ Volkswagen Ìjàpá sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ohun kan náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín: "Ẹ má fi rédíò oní-Bluetooth sí i o, á fa bátìrì yín gbẹ." Àwọn kan á ní rédíò ìgbàlódé le jù fún mọ́tò àtijọ́. Ríwáyà fúnra rẹ̀ á máa tẹnu mọ́ ọn, á tún ní kí ẹ lọ ra bátìrì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí Ìjàpá tí wọ́n tún kùn láti òkè délẹ̀, tó ń dán gbinrin, tí ojú rédíò rẹ̀ ṣófo nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń dùn mí, torí pé rédíò ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe so ó ló ń pa bátìrì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Páálí rédíò ló ń dẹ́rù ba èèyàn. "50W x 4" ni wọ́n máa ń kọ sí i gàdàgbà, wáàtì 200 nìyẹn. Ẹ yí rédíò náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Fíùsì kékeré kan wà níbẹ̀, áńpù 10 tàbí 15 ló sábà máa ń jẹ́. Áńpù 10 lórí fóòtì 12 kò ju wáàtì 120 lọ. Níbo ni 200 fẹ́ gbà wọlé? Agbára tó lè bú jáde fún ìṣẹ́jú akàn ni wọ́n kọ sí páálí. Tí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn tàbí orin jẹ́jẹ́, áńpù 2 tàbí 3 ni gbogbo ohun tó ń jẹ. Iná ojú Ìjàpá wáá ńkọ́? Gílóòbù wáàtì 45 méjì, 90 nìyẹn, áńpù méje àti ààbọ̀. Iná ojú ń jẹ ju rédíò lọ ní ìlọ́po méjì, ó tún lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni dáínámò Ìjàpá oní-fóòtì 12, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè mú iná wá, ń pèsè nǹkan bí áńpù 30 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dáadáa.

Ibì kan wà tí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Dáínámò kì í ṣe alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nínú mọ́tò ìgbàlódé. Tí ẹ bá há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lálẹ́, tí ẹ́ńjìnnì kàn ń mí lẹ́lẹ̀, iná pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú: dáínámò ò gbé nǹkan wá mọ́, orí bátìrì ni gbogbo wọn ti ń jẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ń jẹ nígbà náà, iná ojú ni ọ̀gá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Mo pa mọ́tò, mo gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì jí mọ́." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Wáyà iná méjì ló ń jáde lẹ́yìn rédíò ìgbàlódé. Iná kì í kúrò lórí yẹ́lò, òun ló ń bá wa tọ́jú aago àti àwọn ibùdó tí a ti tò sílẹ̀. Pupa ló ń sọ fún rédíò pé wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́. Tí iná bá kúrò lórí pupa, rédíò á sùn, yẹ́lò nìkan á máa mu díẹ̀díẹ̀. Ká ní ó ń mu ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún áńpù kan, bátìrì 45Ah (èyí tó lè gbé áńpù kan fún wákàtí 45) á tó wákàtí 9,000 kó tó gbẹ. Ìyẹn ju ọdún kan lọ. Bátìrì tí a ò so mọ́ nǹkan kan á ti kú fúnra rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Àwọ̀ wáyà ni. Lóòótọ́, ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó, àmọ́ ètò àwọ̀ Jámánì ló wà nínú rẹ̀. Nínú Ìjàpá, pupa ni iná tí kì í kú, nọ́ńbà 30 ni wọ́n ń pè é. Dúdú ni iná tó ń bá kọ́kọ́rọ́ wá, nọ́ńbà 15. Búráùn ni gráùǹdì, wáyà tó ń lọ sára irin mọ́tò. Ẹ wá wo rédíò: dúdú ni gráùǹdì níbẹ̀, pupa ló ń bá kọ́kọ́rọ́ wá. Pupa mọ́tò àti pupa rédíò kì í ṣe ọmọ ìyá, dúdú wọn náà kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ríwáyà tí kò mọ èyí á so àwọ̀ mọ́ àwọ̀. Dúdú kọ̀ jálẹ̀, rédíò ò tàn, ló bá tú u, ó fi ìdè dè é mọ́ ara mọ́tò. Ó so pupa mọ́ pupa, ó lọ́ yẹ́lò mọ́ ọn, rédíò tàn yòò, inú gbogbo wọn dùn. Ó we tépù mọ́ ọn, ó gbowó, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni rédíò yẹn ti ń rò pé kọ́kọ́rọ́ wà ní yíyí, tọ̀sán tòru. Bí ẹ tẹ bọ́tìnnì pa á, inú rẹ̀ ò sùn. Ká ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá áńpù ló ń mu, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó ti mu bátìrì 45Ah dé ìdajì. Bátìrì tó ti gbó ò sì ní lè yí ẹ́ńjìnnì mọ́.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: yẹ́lò rédíò ni kó lọ sórí 30, pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀ nítòsí ibi tí ẹ ti mú iná. Pupa ni kó lọ sórí 15. Tẹ́sítà ni kí ẹ fi wá a nínú ilé fíùsì, kí ó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń tàn. Dúdú ni kó lọ sára mọ́tò: ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí ó máa gbé dúró títí irin á fi hàn.

Sípíkà náà ní ewu tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, ara mọ́tò ni ẹsẹ̀ kan sípíkà wà. Rédíò tuntun ò gba bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń ti inú rédíò wá, èyíkéyìí nínú wọn tó bá kan irin lè jó rédíò náà. Ẹ fa wáyà tuntun méjì lọ sídìí sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn mọ́tò kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ so rédíò tuntun mọ́ bẹ́ẹ̀ lásán o. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú 1967 jẹ́ ti fóòtì 6. Morris Minor ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara mọ́tò, ara rédíò tuntun sì ni ẹsẹ̀ nẹ́gétíìfù. Tí irin méjèèjì bá kanra, iná lè sọ.

Tí rédíò bá ti wà nínú Ìjàpá yín, tí bátìrì sì ń kú, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè, bátìrì wà lápá ọ̀tún níbẹ̀. Ẹ tú orí nẹ́gétíìfù, kí ẹ gbé míítà sórí 10A, ẹsẹ̀ kan lórí bátìrì, ìkejì lórí wáyà tí ẹ tú. Ẹ dúró díẹ̀ kí rédíò sùn. Tí ó bá ka 0.2 tàbí 0.3, ẹ yọ fíùsì rédíò. Tí ó bá wálẹ̀, wáyà pupa ti wà níbi tí kò yẹ. Tí kò bá wálẹ̀, ẹ wo iná inú mọ́tò tí ilẹ̀kùn ò pa, kí ẹ wo regulator, ohun tó ń darí iná láti dáínámò lọ sí bátìrì, pẹ̀lú, bóyá ojú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ tí iná ń padà wọ inú dáínámò. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá nígbà tí míítà bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì dá ìdérí bátìrì padà kí ẹ tó gbé àga lé e, torí pé sípíríǹgì àga yẹn, irin ni.